Абаёми, Абаеми, Абайоми: orúkọ mi di mẹ́ta ní Rọ́ṣíà, èwo ló tọ́?

Abáyọ̀mí_Voronezh (Ọjọ́ Ajé, 9:14 alẹ́)
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́rùn mi, mo sì mọ̀ pé ẹni tó ti gba ọ̀nà yìí rí kò ní ṣàì sí láàárín yín. Ọdún kẹrin mi rèé ní Voronezh, oṣù kẹfà ni mo máa gba dípúlómà. Abáyọ̀mí ni wọ́n sọ mí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, ògbufọ̀ tó tú ìwé ìrìnnà mi sí èdè Rọ́ṣíà kọ ọ́ báyìí: Абаёми. Bó ṣe wà nínú físà mi nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ló wà nínú káàdì akẹ́kọ̀ọ́. Báǹkì kọ tiwọn ní Абаеми, wọn ò fi dọ́ọ̀tì méjì sórí lẹ́tà kẹrin. Lọ́dún tó kọjá ìwé ìrìnnà mi parí, mo gba tuntun, ògbufọ̀ mìíràn tú u, òun kọ Абайоми.

Lọ́jọ́rú tó kọjá mo lọ sí báǹkì láti fi ìwé ìrìnnà tuntun hàn wọ́n. Ọmọbìnrin tó dá mi lóhùn tẹ́ ìwé méjèèjì síwájú, ó fi èékánná tẹ lẹ́tà náà mọ́lẹ̀, ó wo èyí, ó wo ìyẹn, ó ní ẹni yìí kọ́ ni ẹni yẹn. Wọ́n ti owó mi pa di òní.

Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi lórí fóònù pé Abayémi ni wọ́n ń kà á ní báǹkì, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ìtàn lẹ́tà olójú méjì yìí gan-an? Èwo ni kí n dúró lé kí wọ́n tó tẹ dípúlómà?

Bọ̀dá_Kazan (Ọjọ́ Ajé, 9:40 alẹ́)
Àbúrò, fọkàn balẹ̀. Ọdún kẹjọ mi nìyí níbí. Е àti Ё, ọ̀kan náà ni lójú wọn. Ra ìwé ìròyìn lọ́la, wò ó láti òkè dé ilẹ̀, o ò ní rí dọ́ọ̀tì méjì yẹn níbì kankan. Àwọn fúnra wọn kì í kọ ọ́. Lọ bá ọ̀gá báǹkì, ṣàlàyé fún un, ó parí.

Ògbufọ̀_Mọ́sko (Ọjọ́ Ajé, 11:02 alẹ́)
Bọ̀dá Kazan, ẹ má bínú, mo ní láti ta ko yín lórí èyí, torí iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun nìyí láti ọdún mọ́kàndínlógún.

Ё kì í ṣe Е tó wọ fìlà. Lẹ́tà tó dá dúró ni, òun ni ìkeje nínú lẹ́tà 33 tí álífábẹ́ẹ̀tì Rọ́ṣíà ní. Е ń dún bíi "ye", Ё ń dún bíi "yo". Tó bá tẹ̀lé kọ́ńsónáǹtì, ó máa ń rọ kọ́ńsónáǹtì náà, bíi нёбо. Tó bá tẹ̀lé ж, ш, ч tàbí щ, "o" lásán ni a ó gbọ́, bíi чёрный tó túmọ̀ sí dúdú. Ohun kan tún wà tí wọn kì í sábà kọ́ àwọn àlejò: ibi tí Ё bá wà nínú ọ̀rọ̀, ibẹ̀ ni ẹnu ti ń tẹ ọ̀rọ̀ náà jù, àfi nínú ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ díẹ̀. Nítorí náà ẹni tó bá rí Абаёми á kà á dáadáa láìbéèrè.

Ohun tí Bọ̀dá sọ nípa ìwé ìròyìn, òótọ́ ni. Òfin àkọtọ́ ọdún 1956 kò sọ ọ́ di dandan. Ó ní kí wọ́n máa lò ó níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti lè ṣini lọ́nà, níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti ṣàjèjì, àti nínú ìwé atúmọ̀ èdè, ìwé tí ọmọdé fi ń kọ́ lẹ́tà, pẹ̀lú ìwé èdè Rọ́ṣíà ti ilé ẹ̀kọ́. Ìyókù, ẹni tó ń kà á ni yóò mọ̀. Fún ẹni tí wọ́n bí sínú èdè náà, kò nira. Bí àwa náà ṣe ń ka "oko" láìsí àmì ni, tí a sì ń mọ̀ bóyá oko àgbẹ̀ ni, bóyá ọkọ ìyàwó ni, bóyá ọkọ̀ ojú irin ni. Ṣùgbọ́n ẹ fojú ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wò ó. Все ni gbogbo ènìyàn, всё ni gbogbo nǹkan. Небо ni ojú ọ̀run, нёбо ni àjà ẹnu. Передохнём ni "ẹ jẹ́ ká sinmi díẹ̀". Yọ dọ́ọ̀tì yẹn kúrò kí ẹlòmíràn kà á bí ó ṣe rí, ó di "gbogbo wa la máa kú tán". Ẹnì kan lè kọ ọ̀rọ̀ yìí sára ògiri ilé iṣẹ́ ní ọjọ́ tó rẹ̀ ẹ́.

Nínú gbólóhùn, ọ̀rọ̀ tó yí i ká á gbà á là. Orúkọ kò ní ọ̀rọ̀ tó yí i ká. Kò sẹ́ni tó lè wo Абаеми kó mọ̀ pé "yọ̀" ló wà níbẹ̀, pàápàá tí kò bá gbọ́ Yorùbá. Ìdí nìyẹn tí iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ wọn fi kọ̀wé lọ́dún 2007 pé kí wọ́n máa lo Ё nínú orúkọ ènìyàn. Àṣìṣe báǹkì ni, kì í ṣe tìẹ. Má lọ bẹ ẹnikẹ́ni bí ẹni tó jẹ̀bi.

Mo ṣì ń bọ̀ lórí èyí tí wàá yàn, oorun ń kùn mí.

Abáyọ̀mí_Voronezh (Ọjọ́ Ajé, 11:20 alẹ́)
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Ohun tí ẹ sọ yìí là mí lójú. Nígbà tí mo wà ní ọdún ìmúrasílẹ̀, gbogbo ìwé wa ló ní dọ́ọ̀tì náà, ó tún ní àmì níbi tí ẹnu ti ń tẹ ọ̀rọ̀. Mo dé ọdún kìíní gan-an, ohun gbogbo pòórá. Odidi oṣù kan ni mo fi ń pe ёлка (igi tí wọ́n fi ń ṣọdún tuntun) ní "yelka" nítorí bí mo ṣe rí i lára páálí nìyẹn, èrò mi ni pé igi mìíràn ni.

Adùkẹ́_Volga (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:31 àárọ̀)
Ẹ káàárọ̀ o. Igi ёлка tí àbúrò dárúkọ yìí gan-an ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ìtàn lẹ́tà náà. Ìṣègùn ni mo kà ní Ulyanovsk. Wọ́n gbé òkúta kan kalẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 2005, wọ́n fín lẹ́tà ё kan ṣoṣo sí i lára. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, mo rò pé ibojì ni. Àfìgbà tí àwọn ọmọ kíláàsì mi ṣàlàyé fún mi.

Ohun tí wọ́n sọ ni pé lọ́jọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1783 (29 ni lórí kàlẹ́ńdà tòní), àwọn àgbà akọ̀wé pàdé nílé Ọmọọba obìnrin Yekaterina Dashkova ní St. Petersburg. Òun ló ń darí Àkádẹ́mì Rọ́ṣíà, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé èdè, nígbà náà. Akéwì Derzhavin wà níbẹ̀, Fonvizin náà wà níbẹ̀. Dashkova kọ ọ̀rọ̀ náà bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, "іолка", ó wá bi wọ́n pé ṣé ó yẹ kí a máa fi lẹ́tà méjì kọ ohùn kan ṣoṣo? Ó fi ё rọ́pò rẹ̀. Obìnrin ni o! Inú mi máa ń dùn tí mo bá ń sọ ọ́. Di òní olónìí, ọjọ́ 29 oṣù kọkànlá ni àwọn tó fẹ́ràn lẹ́tà náà fi ń ṣọdún rẹ̀.

Òǹkọ̀wé Karamzin tó sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé mọ̀, agbègbè yẹn ni wọ́n bí i sí, ìdí nìyẹn tí òkúta náà fi wà níbẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé, lọ́dún 1796. Stalin ló wá pa á láṣẹ pé kí wọ́n máa lò ó lásìkò ogun, torí wọ́n gbé ìwé wá fún un tí orúkọ àwọn ọ̀gágun kò ní dọ́ọ̀tì, ó sì bínú.

Ògbufọ̀_Mọ́sko (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:05 àárọ̀)
Dókítà Adùkẹ́, ẹ kú àlàyé. Àtúnṣe méjì péré. Karamzin kọ́ ló kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, akéwì Ivan Dmitriev, ti ṣe é ṣáájú rẹ̀ lọ́dún 1795, ọ̀rọ̀ náà sì ni всё. Karamzin tẹ̀lé e pẹ̀lú àwọn ọ̀rọ̀ bíi зарёю, орёл àti слёзы (omijé), ṣùgbọ́n torí òun ló lókìkí, òun ni ayé fi oyè náà dá lọ́lá.

Ní ti Stalin, ìtàn tí àwọn ènìyàn ń sọ ni. Ohun tó wà lákọsílẹ̀ ni àṣẹ tí Kọmísánnà ètò ẹ̀kọ́, Potemkin, fọwọ́ sí lọ́jọ́ 24 oṣù kejìlá 1942, tó sọ ё di dandan nílé ẹ̀kọ́. Lẹ́yìn ogun, ọwọ́ tún dẹ̀ lórí rẹ̀, títí ọdún 1956 fi sọ ọ́ di ohun tí ó wu ni.

Ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un, torí àwọn ènìyàn máa ń rò pé Dashkova ló dá ohùn náà sílẹ̀. Rárá. Ohùn "yo" ti wà lẹ́nu ará oko àti ará ìlú fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ṣáájú rẹ̀. Е tí ẹnu tẹ̀ ló yí padà di o. Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọn kò ti gbà á wọlé, "ye" ni àlùfáà ń kà, àwọn ọ̀mọ̀wé kan bíi Shishkov sì gbà pé "yo" jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn mẹ̀kúnnù tí kò yẹ inú ìwé. Nítorí náà, ìjà lórí dọ́ọ̀tì méjì yẹn kì í ṣe ìjà àkọtọ́ nìkan. Ìjà lórí ta ni ọ̀nà tó ń gbà sọ̀rọ̀ yẹ fún ìwé ni.

Délé_Minsk (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:17 ọ̀sán)
Ẹ̀yin ará Rọ́ṣíà, ẹ máa wá kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ wa. Ní Bẹ̀lárùsì, dandan ni Ё nínú èdè wọn. Ẹni tó bá kọ Е dípò rẹ̀ ti ṣi ọ̀rọ̀ kọ, ó tán. Ṣùgbọ́n ní Yukiréènì àti Bùlùgáríà, wọn ò ní lẹ́tà náà rárá, йо tàbí ьо ni wọ́n ń kọ. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló yan tirẹ̀ nínú álífábẹ́ẹ̀tì kan náà. Àní Mòǹgólíà ní Ё.

Bọ̀dá_Kazan (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:03 ọ̀sán)
Ògbufọ̀, mo gbà fún yín lórí orúkọ. Ẹnu mi yá jù. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òdìkejì náà kí ọmọ má baà lọ máa lẹ dọ́ọ̀tì mọ́ ibi tí kò yẹ. Ayò ṣẹ́ẹ̀sì ni mo ń ta. Alekhine tó gba adé àgbáyé, gbogbo Rọ́ṣíà ló ń pè é ní Алёхин, òun fúnra rẹ̀ sì máa ń bínú, ó ní Алехин ni òun ń jẹ́. Ọ̀rọ̀ bíi афера (jìbìtì) náà, ìdajì ìlú ló ń fi "yo" kà á, kò sì ní. Nígbà tí ìwé kò bá sọ fún ni, èrò ọkàn ẹni ló ń kù.

Röntgen tó rí iná ẹ̀rọ tí dókítà fi ń wo egungun, Рентген ni wọ́n ń kọ ọ́, Rentgen ni wọ́n sì ń pè é títí di òní. Dọ́ọ̀tì sọnù lórí ìwé, ohùn tẹ̀lé e lọ.

Adùkẹ́_Volga (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:20 ọ̀sán)
Háà! Ojoojúmọ́ ni mo ń sọ "рентген" ní ilé ìwòsàn, mi ò ronú kàn án rí.

Kẹ́hìndé_Kóòdù (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:48 ìrọ̀lẹ́)
Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣeé ṣe kó ṣẹlẹ̀ ní báǹkì, torí kọ̀ǹpútà irú wọn ni mo ń bá ṣiṣẹ́.

Nínú Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, lẹ́tà Rọ́ṣíà láti А dé я tò tẹ̀lé ara wọn, láti 0410 dé 044F. Ё kò sí nínú ìlà yẹn. Ńlá wà ní 0401, kékeré wà ní 0451, wọ́n dá wọn yà sí ẹ̀gbẹ́. Ọ̀dọ́ tó bá kọ́ bí a ṣe ń kọ kóòdù lánàá á sọ fún ẹ̀rọ pé "gba а títí dé я", ẹ̀rọ á sì kọ Ё sílẹ̀ bí àlejò tí wọn kò mọ̀. Nígbà míràn tí wọ́n bá to orúkọ, Ё ńlá á lọ dúró ṣáájú А, ё kékeré á sì lọ dúró lẹ́yìn я. Tí o bá wá Семёнов, o ò ní rí Семенов. Nítorí èyí, àwọn ilé iṣẹ́ kan máa ń yí gbogbo Ё sí Е kó tó wọ inú àkọsílẹ̀ wọn. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé ibẹ̀ ni Абаеми ti wá. Kò sẹ́ni tó jókòó pa orúkọ rẹ dà.

Lórí kíbọ́ọ̀dù, ẹ wo igun òkè lápá òsì, lábẹ́ Esc. Ibẹ̀ ni wọ́n jù ú sí, ìka kì í dé ibẹ̀. Lórí fóònù, tẹ Е mọ́lẹ̀ pẹ́.

Má jẹ́ kó dùn ọ́ jù. Ẹ́ tiwa tó ní àmì òkè àti ti ìsàlẹ̀, kò tilẹ̀ ní ààyè tirẹ̀ kan ṣoṣo nínú Unicode. Ẹyọ méjì la máa ń so pọ̀ kó tó jáde.

Ògbufọ̀_Mọ́sko (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:30 alẹ́)
Kẹ́hìndé, o ṣeun, ìyẹn ṣe pàtàkì. Ó yá, èyí tí yóò yàn.

Ní tèmi, tó bá jẹ́ pé ìwé kankan kò tíì sí ni, Абайоми ni mo máa kọ láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀rọ̀ tó bá ti òkèèrè wá, йо ni wọ́n sábà ń fi kọ ọ́: Нью-Йорк (New York), йога (yoga), йогурт (yogurt). Ẹ wo orúkọ èdè wa nínú ìwé wọn, йоруба ni, kì í ṣe ёруба. Adebayor agbábọ́ọ̀lù Tógò, Адебайор ni. Ìdí pàtàkì ni pé kò sí dọ́ọ̀tì tí ẹnikẹ́ni lè gbàgbé níbẹ̀.

Délé_Minsk (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:41 alẹ́)
Й náà kọ́ ló ní àmì lórí?

Ògbufọ̀_Mọ́sko (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:52 alẹ́)
Ó ní i, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń jù ú nù. Lójú wọn, и àti й jìnnà síra bí s àti ṣ lójú olùkọ́ Yorùbá. Ṣ yìí gan-an, àwọn ará ibí bọ̀wọ̀ fún un ju àwọn òyìnbó lọ: Шойинка ni wọ́n ń kọ Ṣóyínká, Ш gidi ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Abẹ́òkúta (Ọjọ́rú, 7:12 àárọ̀)
Ọmọ mi, má tíì yan nǹkan kan nítorí pé ó dára létí. Mo kàwé níbẹ̀ kí n tó padà sílé, ojú mi sì rí tó lórí orúkọ. Ohun tó wà nínú físà ni ilé ẹ̀kọ́ ń tẹ̀lé. Tí físà rẹ bá sọ Абаёми tí dípúlómà sọ Абайоми, ẹrù méjì lo gbé rù yẹn. Lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá ẹ̀ka yín báyìí, má dúró di oṣù kẹfà. Ní kí wọ́n fi orúkọ tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ hàn ọ́, kà á ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kí o tó fọwọ́ sí i.

Èkejì, nígbà tí o bá fẹ́ tú dípúlómà náà padà sí Gẹ̀ẹ́sì, má jẹ́ kí ògbufọ̀ yí lẹ́tà Rọ́ṣíà sí ti Gẹ̀ẹ́sì. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nínú ìwé ìrìnnà wọn, E ni wọ́n máa ń fi rọ́pò Ё, I ni wọ́n máa ń fi rọ́pò Й. Wo ohun tí yóò jáde: Абаёми á di ABAEMI, Абайоми á di ABAIOMI. Kò sí ọ̀kan nínú méjèèjì tí ó jẹ́ ABAYOMI! Gbé ìwé ìrìnnà rẹ fún ògbufọ̀, kó da orúkọ náà kọ láti inú rẹ̀ bó ṣe wà. Tèmi, ọdún kan ààbọ̀ ni mo fi lọ ọ bọ̀ nítorí lẹ́tà kan.

Ògbufọ̀_Mọ́sko (Ọjọ́rú, 8:40 àárọ̀)
Ìyá, ẹ kú ìmọ̀ràn. Mo juwọ́ sílẹ̀ lórí físà. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n sọ pé físà rẹ̀ àkọ́kọ́ ti parí, àfi ká mọ ohun tí tuntun sọ. Abáyọ̀mí, wo èyí tó wà nínú ìwé ìrìnnà tuntun, kí o sọ fún wa. Tó bá sì wá le, tí báǹkì kò gbọ́, ilé ẹjọ́ lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ìwé tó ní orúkọ méjì jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo. Wọ́n ń ṣe é fún àwọn ọmọ ìlú náà gan-an, ọ̀pọ̀ ló ti sá tọ ilé ẹjọ́ lọ nítorí ogún tàbí owó ìfẹ̀yìntì torí dọ́ọ̀tì méjì yìí. Ṣùgbọ́n mi ò rò pé yóò dé ibẹ̀.

Abáyọ̀mí_Voronezh (Ọjọ́ Ẹtì, 5:55 ìrọ̀lẹ́)
Ẹ̀yin àgbà, mo dọ̀bálẹ̀. Físà tuntun sọ Абаёми, bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo padà sọ́dọ̀ ògbufọ̀ kejì, mo fi hàn án, ó tún ìtumọ̀ ṣe, nọ́tárì fọwọ́ sí i lánàá. Ó dùn mí díẹ̀ nítorí Абайоми ti wọ̀ mí lọ́kàn lẹ́yìn ohun tí Ògbufọ̀ sọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Ìyá ló mú ọgbọ́n dání.

Mo lọ sí ọ́fíìsì ẹ̀ka wa láàárọ̀ yìí. Màmá àgbà kan ló ń tẹ orúkọ wa sínú kọ̀ǹpútà. Mo rí i pé ó tẹ Абаеми. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, dọ́ọ̀tì méjì." Ó wo ojú mi, ó na ìka lọ sí igun òkè kíbọ́ọ̀dù yẹn, ó sì wá a díẹ̀ kó tó rí i. Ó tún un tẹ̀, ó kà á sókè: A-ba-yo-mi. Ó bi mí pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Mo sọ fún un pé wọn ì bá yọ̀ mí, Ọlọ́run ni kò gbà. Ó kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan tó wà lórí tábìlì rẹ̀, pẹ̀lú dọ́ọ̀tì méjèèjì.

Báǹkì ní kí n wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mo máa jábọ̀.